Ògiri Tí Mo Kùn

Òórùn petirólù ni mo fi ń rántí ọ́fíìsì wa ní Arakale, ní Àkúrẹ́. Abẹ́ fèrèsé gan-an ni jẹnẹrétọ̀ wà, èéfín rẹ̀ a sì máa wọlé bá mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbi tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé. Ìgbà yẹn le, ìwọ náà ṣáà mọ̀ ọ́n. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kì í wọlé, àwọn olè ń gé wáyà iná lọ, wọ́n ń yọ irin ojú fèrèsé onífèrèsé tà. Ẹni tó bá kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Màmá mi ní Ìkàrẹ́ fẹ́ràn láti máa sọ pé ìfura loògùn àgbà. Èmi kò tíì dàgbà, mo sì ń mu oògùn náà láàárọ̀ lálẹ́.

Ọ̀gá mi gba iṣẹ́ àtúnṣe ilé ìkókòkósí kan ní Oǹdó. Ó ní kí n ya bí ilé náà yóò ṣe rí bí a bá là á láàárín bí ẹni la búrẹ́dì, kí inú rẹ̀ lè hàn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, gbogbo ibi tí ọ̀bẹ bá gbà kọjá ni a máa ń fi ìlà wẹ́wẹ́ kùn. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa: o kàn tẹ inú ògiri ni, ìlà á sì kún un kí o tó ṣẹ́jú. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fún àwọn ìlà náà mọ́ra títí wọ́n fi dúdú. Ògiri àtijọ́ tó wà lẹ́yìn, tí a kò tilẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kàn, mo kùn ún mọ́ àwọn tuntun tí a fẹ́ mọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, dẹ́rẹ́bà wa ti Oǹdó dé, ó mú ìwé pélébé kan bọ̀ láti ọ̀dọ̀ fóòmànù tó ń darí iṣẹ́ náà, bàbá àgbàlagbà kan tí n kò tíì rí rí. Ó kọ ọ́ pé, “Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ibi tí ẹ kùn lẹ́yìn ńkọ́, ṣé òun náà ni?”

Mo yínmú. Mo ní bàbá yìí ń wá ohun tí yóò fi fa iṣẹ́ gùn ni. Mo ti ìwé náà bọ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù, n kò fèsì.

Ohun tí a tún gbọ́ láti Oǹdó ni pé fóòmànù ti wó ògiri ẹ̀yìn, ó sì ti yọ irin inú rẹ̀.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i?” ni mo wí. “Irin ló ń wá láti ọjọ́ yìí.”

Ọ̀gá kọ lẹ́tà pé kó máa lọ sílé rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n mú un lọ fún un. Nínú bọ́ọ̀sì, mo di báàgì mú girigiri, mo ń to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ. Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi dùn.

Mo bá a nídìí àlàpà ògiri náà, òórùn kòkó àti eruku ń jà níbẹ̀. N kò kí i tán tí mo fi bi í pé irin dà. Ó ṣí tapólì kan. Irin náà wà níbẹ̀, ó tò ó gbọọrọ, ó fi wáyà dì í, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ “ti onílé” sára pákó kan tó gbé lé e.

“Kí ló dé tí ẹ wó o, Bàbá?”

Ó wò mí. “Ṣebí ẹ̀yin lẹ kùn ún?” Ó lọ sídìí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó tú àwòrán kan tó ti gbó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi yà á. “Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló yà á. Nínú iṣẹ́ àtúnṣe, ògiri àtijọ́ tí wọ́n bá ti kùn, wíwó ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ògiri yìí ṣì le, ó ṣe mí ní kàyéfì, ni mo ṣe kọ̀wé sí yín. Ẹ ò dá mi lóhùn.”

Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà sọ nǹkan lédè Oǹdó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá bá a wí. Ó gbọn eruku kúrò lórí bulọ́ọ̀kù kan, ó ní kí n jókòó, kí n mu omi. Ojú tì mí, mo gba omi náà.

Mo gbé lẹ́tà náà padà sí Àkúrẹ́, mo fi í sórí tábìlì ọ̀gá, mo fi ìwé pélébé yẹn lé e. “Ọ̀gá, èmi ni mo wó ògiri náà.”

Ó ka ìwé pélébé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa lẹ́tà ya. “Lọ dá bàbá lóhùn,” ló sọ.

Títí dòní, ìsàlẹ̀ àwòrán èyíkéyìí tí mo bá yà, mo máa ń kọ ọ́ pé ibi tí a kùn kì í ṣe wíwó. Àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni kò mọ ìyẹn. N kì í jà. Bàbá yẹn bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, n kò sì dá a lóhùn, nítorí mo ti pè é ní olè nínú ọkàn mi kí n tó rí ojú rẹ̀.