Òǹtẹ̀ Ọwọ́ Godambari

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni Godambari, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mò ń yìn ín nítorí ẹbí. Olóríkunkun ni! Nígbà tí ìjọba ní obìnrin ló gbọ́dọ̀ jẹ olórí abúlé wa, òun la dìbò fún. Síbẹ̀, inú àpò Kundan ọkọ rẹ̀ ni òǹtẹ̀ abúlé wà. Kundan ń tẹ òǹtẹ̀, ìyàwó ń gé koríko màlúù.

Òkè odò ni igbó koríko wa wà, igi gbọọrọ méjì la sì fi ń dá odò náà kọjá. Lásìkò òjò tó kọjá, mo já bọ́ lórí igi yẹn tòun ti ẹrù, ìbàdí mi yẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnjiníà ìjọba gbé àwòrán afárá irin dé, ẹkún ayọ̀ ni mo sun.

Àárọ̀ ni wọ́n pèpàdé sí ní ilé ìwé, àsìkò tí àwọn obìnrin máa ń wà nígbó. Ẹ ò rí ọgbọ́n àwọn ọkùnrin! Èmi tí ìbàdí ò jẹ́ kí n lè lọ sígbó mọ́ nìkan ni obìnrin tó wà níbẹ̀. Kundan ti ń yọ òǹtẹ̀ jáde láti tẹ̀ ẹ́ sí àwòrán náà nígbà tí Godambari dé, òun àti àwọn obìnrin yòókù, ẹrù koríko lẹ́yìn wọn. Ẹrù tirẹ̀ há sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Báwo ni afárá yín ṣe fẹ̀ tó?"

"Bí ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni, màdáámú."

"Ó dáa. Ẹ wá fà mí wọlé."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà ní kí wọ́n máa pín ẹrù sí méjì.

"Ìrìn wákàtí méjì ni igbó yẹn," Godambari dáhùn. "Ta ló máa padà lọ gbé ìyókù, ṣé ẹ̀yin ni? Orí igi yẹn náà la máa padà sí, ẹ̀yin ọkùnrin á máa najú lórí afárá."

"Bí ẹ ò bá gbà á lónìí," ẹnjiníà ní, "ìjọba lè gbé e fún abúlé mìíràn."

Mo pariwo: "Godambari, gbà jàre! Ìbàdí ta ló yẹ̀, tìẹ ni àbí tèmi? Kí n kú sódò ni?" Mo tún bú u, èébú tí ojú ń tì mí láti tún sọ.

Godambari sọ ẹrù kalẹ̀, ó wọlé, ó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Deepa, òǹtẹ̀ dà?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Iṣẹ́ mi."

Kundan wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé e fún un. Godambari dì í sí etí ìborùn rẹ̀. "Ẹnjiníà, bí abúlé ò bá gbà, iṣẹ́ ò lè bẹ̀rẹ̀. Òfin tiyín náà nìyẹn. Ẹ lọ tún un yà, kó gba ẹrù."

Ogójì ọjọ́ ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá rí àwọn obìnrin lórí igi yẹn, mo ń ṣépè fún un nínú.

Ẹnjiníà padà wá. Kó tó tú ìwé rẹ̀, ó lọ dúró létí odò, ó ń wọn ẹrù lẹ́yìn àwọn obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Afárá inú àwòrán tuntun náà fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ìta gbangba ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, lójú gbogbo wa.

Mo sún mọ́ Godambari. "Ìyàwó mi, má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ó ń tú etí ìborùn rẹ̀. "Ìyálé mi, ẹ bá mi di ìwé yìí mú, atẹ́gùn ń gbé e."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó tẹ òǹtẹ̀.