Òkúta Aláwọ̀ Mẹ́ta

Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, nítorí pé ojú rẹ̀ kì í tàsé. Òun ló ń yẹ òkúta iyebíye wò, tó ń sọ irú èyí tó jẹ́ àti iye tó tó. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá náà ń gé òkúta fún àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà. Nígbà ọ̀dọ́ bàbá náà, òkúta kan kọjá lọ́wọ́ rẹ̀: bó o bá wò ó níhìn-ín, àwọ̀ aró, bó o bá yí i, ewé, bó o bá tún yí i, omi lásán. Ẹni tó ni ín gbà á padà lọ́jọ́ kejì, bàbá ò sì fojú kàn án mọ́. Ó wá a títí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ní ọtí ló mu lọ́jọ́ náà. Ọdún tó kọjá ló kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, opó télọ̀ kan gun àtẹ̀gùn wá, ó tú aṣọ ìnujú lórí tábìlì, òkúta kan sì wà nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi, inú agolo bọ́tìnnì ọkọ mi ni mo ti rí i. Bó bá jẹ́ gíláàsì, màá fún ọmọ-ọmọ mi kó fi ṣeré."

Ojú Àwòdì gbé e lọ sídìí fèrèsé. Ó yí i: aró. Ó tún yí i: ewé. Ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta: omi lásán. Síbẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n nínú omi, ó fi ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Kì í ṣe gíláàsì, mà. Ẹbí ni òun àti gíláàsì, torí ohun tó wà nínú iyanrìn ló wà nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí wọ́n bí ojú. Owó ilé ńlá lẹ dì sínú aṣọ yìí. Ẹ má tà á fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dá owó lé e."

"Ọkọ mi tí kì í jẹ́ ká ju bọ́tìnnì kan nù," ni opó náà wí. "Àṣé olówó ni."

Ojú Àwòdì tọrọ gáfárà, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, mo ti rí i."

"Kí lo rí?"

"Òkúta bàbá wa."

"Ṣé bó ṣe máa ń sọ ọ́ ló rí?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà."

"Ká ní bàbá ẹ dúró díẹ̀ sí i láyé ni."

Opó náà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ ẹ dọjọ́ Ajé, kó o wò ó tẹ́rùn."

"Ẹ mú un lọ, mà. Bó bá sùn lọ́dọ̀ mi, n ò ní lè gbé e fún yín mọ́."

Ó dúró lójú fèrèsé títí opó náà fi sọdá títì, báàgì lábẹ́ abíyá, tó wọ bọ́ọ̀sì. Ọkàn rẹ̀ fà sí bàbá rẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ké sí i. Ó nu ojú, ó ní kí oníbàárà tó kàn máa wọlé.