Tíátà Tí Dókítà Dúrósinmí Ṣe

Dókítà Dúrósinmí kú ní Ọ̀yọ́ ní Tọ́sìdeè tó kọjá. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ni ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tó mú abẹ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ò ti ibẹ̀ wá síbi ìsìnkú. Nígbà tí Olúgbénga ọmọ rẹ̀ lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ orúkọ bàbá òun sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, akọ̀wé ṣí fáìlì, ó wò ó, ó tún wo ọmọ olókùú.

"Ẹ má bínú o, ṣé eléré ni bàbá yín?"

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún 1987, ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn eléré kan fi bàtà sójà ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ọ̀yọ́. Inú bí ìjọba ológun, ó ní kí wọ́n ti gbogbo tíátà tí kò bá níwèé àṣẹ. Sájẹ́ńtì kan dé ọsibítù wa, ó rí i tí wọ́n kọ tíátà gàdàgbà sára ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Ìwé àṣẹ yín dà?"

"Ọ̀gá, abẹ là ń lò níbí," ni Dókítà wí. "A kì í jó."

"Ẹ̀yin eléré! Ẹnu yín ṣáà mú." Ó tìlẹ̀kùn, ó ki kọ́kọ́rọ́ sápò.

Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí géètì wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé Nùrẹ́nì àgbẹ̀ dé láti Ìkòyí-Ilé, ìfun rẹ̀ ti há sínú ìpá. Dókítà wo tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.

"Ìyá Rúùtù, ẹ palẹ̀ àǹkárá yín mọ́."

"Dókítà, aṣọ oníbàárà ni!"

"Ikùn oníbàárà nìyí náà."

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èèyàn mọ́kànlá gorí tábìlì yẹn. Mo mọ iye wọn, èmi ni mo ń se aṣọ funfun tí a tẹ́ fún wọn: yáàdì méjì-méjì, yáàdì méjìlélógún. Mẹ́wàá fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ. Ti Ràmọ́tà nìkan ni kò padà sọ́wọ́ mi, òun la fi dì í lọ sílé. Dókítà jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó sunkún. Sájẹ́ńtì tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó sunkún?

Ọ̀sẹ̀ tí Ràmọ́tà kú náà ni Dókítà lọ sí Ìbàdàn, tó bọ ọ̀gá sójà lọ́wọ́ níwájú àwọn oníwèé ìròyìn tó ń ya fọ́tò. Ni ìlú bá ń pè é ní Dókítà Sójà. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀, níṣojú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Rúùtù, mo ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kọ́kọ́rọ́ ni mo lọ gbà."

Ó sì gbà á. Àwọn kan ṣì ń fi fọ́tò yẹn bú u títí dòní. Ìpá mélòó làwọn náà ti fi èébú wò sàn?

Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sí fáìlì ni pé: "Ó ń ṣe tíátà níta láìgbàṣẹ." Orúkọ ta ló wá wà lẹ́nu ọ̀nà náà báyìí? Ti ọ̀gá sójà ni. Wọ́n ní òun ló ṣí i. Òótọ́ ni. Ta ló tì í?

Ẹ̀yin aláṣẹ ọsibítù, ẹ mú fáìlì náà jáde. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó kọ ìlà yẹn fún wa, kó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, kí ẹ sì kọ Dúrósinmí sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ẹ bá takú pé tíátà ló ṣe, Nùrẹ́nì ní òun ṣe tán láti tú ṣòkòtò ní ọ́fíìsì yín: tíkẹ́ẹ̀tì tó fi wọlé ṣì wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀.