Ilẹ̀ Tí Ummuhani Ká Sínú Fóònù

Wọ́n ní Ummuhani ti ká ilẹ̀ Isundunrin bí ẹní, ó ti rọ ọ́ sínú fóònù, ó kù díẹ̀ kó gbé e lọ tà ní Àbíjáàn. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi búra pé òun gbọ́ bí ilẹ̀ náà ṣe ń dún nínú báàgì rẹ̀. Mo ní, "Èmi náà gbọ́. Ewúrẹ́ kan tiẹ̀ ń ké níbẹ̀." Báyìí ni ewúrẹ́ ṣe wọnú ọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ni Ummuhani. Àbíjáàn ni wọ́n ti bí i, Èjìgbò ló ti dàgbà, nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, Álífà Ràmọ́nù, tí wọ́n ń fi òwú ṣe ọnà sára agbádá. Tó bá jókòó ti iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ á kàn lọ. O lè bu iyọ̀ sí tíì rẹ̀, kò ní mọ̀. Mo ti dán an wò.

Àwòrán inú ilẹ̀ ló ń yà. Àwọn tó ń wá omi á ri irin mọ́lẹ̀, wọ́n á fi wáyà rán iná sísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n bá wọ̀n ni Ummuhani á fi hun àwọ̀n onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́, tó pọ̀ bí eṣú, títí yóò fi di àwòrán tí èèyàn lè máa yí po bí ẹni yí ọsàn lọ́wọ́.

Kànga ti gbẹ ní agboolé Bàbá Sàká ní Isundunrin. Èmi àti Ummuhani fẹ́ bá wọn gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n Bàbá ní àfi káwọn fojú ara àwọn rí omi. Àwòrán náà sì wúwo ju èyí tí fóònù wọn lè ṣí lọ. Ummuhani bá so àwọn igun mẹ́ta kéékèèké pọ̀ di ńlá, bákan náà níbi gbogbo. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Ibi tí àpáta ti lanu, tí omi ń gbà, hàn bí ìlà gbọọrọ kan. Abẹ́ igi ọsàn ló gbà.

Àṣàbí, olóògbé ìyàwó Bàbá, ló gbin igi yẹn.

"Ṣé kò síbòmíràn, ẹ̀yin ọmọ yìí?"

"Ibẹ̀ nìkan ló hàn, Bàbá."

"Ó dáa. Omi ló ṣáájú ọsàn. Kí agégi wá lọ́la." Wọn ò wo igi náà bí wọ́n ṣe ń wọlé.

A jókòó sábẹ́ rẹ̀. Òdòdó ọsàn ń já bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ummuhani ń yí ilẹ̀ náà po jẹ́jẹ́, títí ó fi dà bíi pé àwa méjèèjì ti rì síbẹ̀, a ń léfòó láàárín àwọn òkúta tó ń sùn.

Mo ní, "Ìyá Onílẹ̀, ṣé o ti rí ewúrẹ́ mi?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ìlà yìí ti gún jù. Ta ló fi rúlà fa inú ilẹ̀?"

"Ìwọ ni! Ọmọ aránṣọ tó ṣe àyà agbádá bí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí Álífà bá gbọ́ ńkọ́?"

Ní ṣọ́ọ̀bù Álífà, àyà agbádá ni òwú máa ń kún fọ́fọ́. Ẹ̀yìn kì í rí ju ìlà díẹ̀ lọ. Yẹ̀yẹ́ ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n ó dìde fùú, Faransé Àbíjáàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Dúsìmáà! Jẹ́jẹ́! Tún un sọ!"

Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Níbi tí àpáta bá ti tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ó fi igun mẹ́ta ńláńlá bò ó. Létí ibi tó lanu, ó fi àwọn wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Àwòrán náà kò wúwo ju èyí tó ṣí wẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìlà ti tẹ̀. Ó dé ẹ̀gbẹ́ igi ọsàn, ó yà fún un bí ẹni yà fún àgbà lọ́nà, ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ.

Bàbá di fóònù mú, wọ́n ń yí ilẹ̀ wọn síwá sẹ́yìn. "Àṣàbí," ni wọ́n kọ́kọ́ wí. Wọ́n wá gbójú sókè wo igi náà. "Ẹ sọ fún agégi kó jókòó sílé rẹ̀."

Ní ti ilẹ̀ Isundunrin, ó ṣì wà níbẹ̀: ẹ̀yìn ilé ìdáná Bàbá Sàká ni mo ti pọn omi láàárọ̀ yìí, ẹrẹ̀ rẹ̀ wà ní bàtà mi.