Ẹ̀jẹ̀ Tí A Fi Orin Pàdé

Mildred, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Àkànmú, ló ń se epo pupa tí gbogbo Ìlútítun ń rà. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi wà nílé ọkọ láìgbọ́ igbe ọmọ, títí nǹkan oṣù fi dáwọ́ dúró, ẹ̀gbọ́n mi kò sì fẹ́ ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ funfun rẹ̀ nílé àdúrà. Nínú ìjọ tiwa, obìnrin tó bá wà nínú nǹkan oṣù kì í wọlé, nítorí náà ó bọ́ síta, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Èmi Dora, aláròyé, èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo pé nǹkan oṣù rẹ̀ ti padà, pé Ọlọ́run tó ṣe é fún Sárà ti ṣe é fún ìyàwó wa. Mo gbé orin, ìjọ gbè é. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn, ó ń sunkún ayọ̀.

Lóṣooṣù ni a ń rí ẹ̀jẹ̀ náà, nígbà mìíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mildred ń rù. A ní ààwẹ̀ ni. Kò lè jẹ òkèlè púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe tán mọ́. A ní oyún ti dé. Àwa yìí mà gọ̀ o.

Ní oṣù kẹjọ tí ẹ̀jẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ kọ̀ kò jáde mọ́, inú rẹ̀ wú. Ní ọsibítù ńlá l'Ákùúrẹ́, dókítà ti rọ́bà oníkámẹ́rà bọ̀ ọ́ nídìí, ó gé díẹ̀ lára kókó tó rí níbẹ̀, ó fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni. Ó ní ká ní a tètè mú un wá ni, àwọn ìbá gé e kúrò, kí àwọn sì tún ìfun náà so. Ó ti dé ẹ̀dọ̀ báyìí. Wọ́n la ọ̀nà mìíràn fún ìgbẹ́ síkùn rẹ̀, wọ́n fa oògùn sí i lára. Nígbà tó yá, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé.

Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àǹtí, láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ń bá ìgbẹ́ jáde ni."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

"Ẹ ti gbé orin. Ọkọ mi ti ń sunkún. Ẹnu wo ni kí n fi sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ?"

Ó kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fún ẹni tó bá wá kí i pé Ọlọ́run ti ṣí inú ìyàwó òun kí àìsàn tó dé. Èmi a sì ṣe àmín.