Fíìmù Tí Kò Pariwo

Lánàá, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí arúgbó tí ọyẹ́ mú, ọkàn mi sì fò lọ sí pálọ̀ Màmá Kùmásì ní Ìlobùú, níbi tí irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbé tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́, nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde. Màmá yìí wà lára àwọn tó ti Gánà padà wálé. Aṣọ ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni tó bá ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà lè wọlé wá wo fíìmù.

Lọ́jọ́ kan, mo mú Ràlíátù, ọ̀rẹ́ mi ará Ìfọ́n, dání. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ń gbóná láàárín ìlú méjèèjì, bàbá mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ bá a rìn mọ́. Bí a ṣe kúnlẹ̀ kí wọn tán, Bọ̀dá Jímọ̀, télọ̀ ilé kejì, ní, "Kí ni ọmọ Ìfọ́n ń wá níbí?"

Màmá kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Àlejò mi ni. Ẹni tí kò bá lè bá a jókòó, kó dìde."

Kò sẹ́ni tó dìde. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. A ń retí iwin, a ń retí ìbọn. Tọkọtaya àgbà kan la rí, tí ọmọ wọn kan ṣoṣo ti kú, tí wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó ń gbálẹ̀. Ọkọ ń wo òjò. Bọ̀dá Jímọ̀ pòṣé. "Màmá, ẹ bá wa pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì yìí. Ṣé òjò la wá wò ni?"

Màmá ní àwọn ò pààrọ̀ ẹ̀. Bọ̀dá Jímọ̀ bínú jáde.

Èmi náà ti ń tòògbé nígbà tí ọkọ yẹn wọ ilé ìdáná, tó fa àpótí jókòó ti ìyàwó rẹ̀, tó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu láìsọ nǹkan kan. Ó bẹ ẹ́ débi pé iṣu fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èèpo lọ tán. Ìyàwó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ràlíátù di ọwọ́ mi mú. Mo gbójú sí fèrèsé: Bọ̀dá Jímọ̀ ló dúró síta, tó ń fi téèpù ìwọnṣọ tó gbé kọ́rùn nu ojú.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi bi mí bóyá mo tún bá ọmọ Ìfọ́n rìn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n nà mí dáadáa. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú mìíràn pé, mo tún mú un lọ.

Fóònù lẹ̀yin ọmọ òde òní fi ń wo fíìmù, ẹ sì ń fò ó bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì pariwo. Màmá Kùmásì ti lọ sọ́run. Ìjà ilẹ̀ le títí àwọn òbí Ràlíátù fi kó lọ, mi ò sì mọ ibi tó wà. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń sọ fún mi pé ará Ìfọ́n kì í ṣọ̀rẹ́ ará Ìlobùú. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ọ̀rẹ́ mi ni.