Ojú oórì ìyá mi àti ti ìyá màmá ará Jámánì

Mo parọ́ fún àgbàlagbà lónìí.

Iṣẹ́ carer ni mò ń ṣe ní Peckham. Abúlé kékeré kan láàárín òkè ní Jámánì ni wọ́n ti bí màmá tí mò ń tọ́jú. Lẹ́tà dé láti ibẹ̀ láàárọ̀ yìí: àwọn ará abúlé náà fẹ́ sin ẹlòmíì sójú oórì ìyá màmá yìí.

Inú bí mi. Mo ní, "Mummy, irú ìwà wo nìyẹn?"

Màmá ní, "Fàdákà inú òkè ló kó àwọn baba wa débẹ̀. Nígbà tó tán, àwọn ọmọ kó lọ. Àpáta ló yí wa ká, ilẹ̀ tó ṣeé gbẹ́ ò pọ̀. Òkú ló ń sún fún òkú. Ẹni tí kò lọ́mọ nítòsí tó ń ro oórì ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sún."

Wọ́n wá wò mí. "Ìyá tìẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa la sin wọ́n sí. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn wọ́n níbẹ̀."

A ti ta ilé yẹn lọ́dún tó kọjá. Èmi náà fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ta ilé bàbá yín, kí lẹ ń sọ fún ọmọ tó bá ní kẹ́ ẹ mú òun lọ sójú oórì?